Ilẹ̀kùn Ẹni Tó Ń Sùn Lọ́sàn-án

Lórí Òkè Culpeo, ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án ni ọba. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ a ṣiṣẹ́ mọ́jú, wọn a jẹ búrẹ́dì díẹ̀ bí oòrùn bá ti ń yọ lẹ́yìn òkè, wọn a wọ yàrá tí aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀, wọn a sì gbé pátákó kékeré kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn pé ẹnìkan ń sùn níbẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, orí ìka ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fi ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kì í kan ilẹ̀kùn. Wọn kì í pe orúkọ. Doña Clorinda, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pè é, tó ti ń se oúnjẹ fún wọn láti ọdún mọ́kàndínlógún, fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn ọdún tí ilẹ̀ mì tìtì tí ife ń já bọ́ láti orí pẹpẹ, tí awakọ̀ kan sáré lọ kan ilẹ̀kùn ọkùnrin ará Faransé kan. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà kọ̀wé fẹjọ́ awakọ̀ sùn. Ó ní òótọ́ ni pé ilẹ̀ mì, àmọ́ kò mì tó bẹ́ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ní láti fi òfin yìí kìlọ̀ fún Yasna Araya. Ọmọ tí ojú ń tì láti kékeré ni. Ní Paihuano, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń gbin èso àjàrà, bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń wá a. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí, ó ti kàwé débi pé ó ku díẹ̀ kó di dókítà nínú ìmọ̀ ìràwọ̀, síbẹ̀ bí Profe Ludovina, ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, bá bi í ní ìbéèrè níwájú ènìyàn mẹ́ta péré, bébà ni yóò kọ ìdáhùn sí, yóò sì nà án sí i.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù keje, òtútù mú bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Yasna jí nígbà tí aago kan ọ̀sán kọjá díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì ń bà á, irú ẹ̀rù tó máa ń ba ìyàwó lọ́jọ́ tí wọ́n ń sìn ín lọ sílé ọkọ. Tó bá di aago mẹ́ta, yunifásítì wọn ní Santiago yóò fi ìròyìn ohun tó rí ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ìwé ìròyìn. Tó bá di aago mẹ́rin, Profe Ludovina yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà níhìn-ín lórí òkè, yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ káàkiri. Dókítà Merriam ti Toronto yóò wà láàárín wọn. Òun ló ti fún Yasna láàyè láti wá bá a ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹsàn-án, nítorí ohun tó rí yìí nìkan, kì í ṣe nítorí ohun mìíràn.

Kí ni Yasna rí? Ìràwọ̀ kan wà tí kò ní orúkọ, nọ́ńbà gígùn ló ń jẹ́. Ohun kan ń yí i po, ọjọ́ kan àti wákàtí méje péré ló fi ń yí i po tán. Ohun náà tóbi ju ayé wa yìí lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kò tó ìràwọ̀, nítorí iná inú rẹ̀ kò ràn. Aràrá búráùn ni àwọn onímọ̀ ń pe irú rẹ̀. Ó sún mọ́ ìràwọ̀ yìí jù. Bí òṣùpá ṣe ń fa òkun tí omi fi ń kún etíkun Coquimbo tó sì tún ń fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni aràrá yìí ń fa ara ìràwọ̀ náà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi wú. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ náà kì í yára yí bíi tirẹ̀, nítorí náà ibi tó wú a máa gbẹ́yìn, a sì máa fa aràrá náà sẹ́yìn bí ọmọ tó di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú lọ́nà ọjà. Díẹ̀díẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dín, díẹ̀díẹ̀ ló ń sún mọ́ iná. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìràwọ̀ náà yóò gbé e mì.

Ojú kò lè rí i bó ṣe ń sún mọ́ ọn. Àkókò ni wọ́n fi ń mọ̀. Nígbàkígbà tí aràrá bá gba iwájú ìràwọ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ a rọlẹ̀ díẹ̀. Bó bá ń sún mọ́ ọn lóòótọ́, ìkọjá yìí yóò máa tètè dé ju bí ìṣirò ṣe wí lọ. Don Eleuterio, tó ń darí awò kékeré tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ lórí òkè náà, ti kọ àkókò àwọn ìkọjá yìí sínú ìwé fún ọdún mẹ́rin gbáko, ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn. Lọ́dún tó kọjá àti lọ́dún yìí, Yasna wọn tirẹ̀, ó sì fi wé ti bàbá náà. Ìkọjá náà ti fi ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá méje yá ju ìṣirò lọ. Nígbà tí Profe Ludovina ka iṣẹ́ náà tán, ó gbójú sókè, ó ní, “Yasna, ó ń já bọ̀.” Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí Yasna rí eyín ọ̀gá rẹ̀.

Nínú yàrá ìjẹun, doña Clorinda gbé àwo ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ sùpàgẹ́tì síwájú rẹ̀.

“Jẹun, ọmọ mi. Ẹni tó fẹ́ di gbajúmọ̀ ní aago mẹ́ta kò gbọdọ̀ fi ebi lọ.”

“Ta ló sọ fún yín, doña Clorinda? Wọ́n ní ká má tíì sọ ọ́.”

“Níhìn-ín? Ìkòkò ló sọ fún mi.”

Don Eleuterio jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó ń ya búrẹ́dì sínú ọbẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, fìlà onírun kì í kúrò lórí rẹ̀ láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹsàn-án. “Gbogbo ayé ló mọ̀, àfi èmi,” ló wí. “Èmi tí mo wọn nǹkan náà títí imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ nínú òtútù.”

“Imú yẹn?” ni doña Clorinda wí. “Imú yẹn kò lè já. Ó ti ta gbòǹgbò.”

“Ẹ jọ̀ọ́, don Eleuterio,” ni Yasna wí. “Profe ló ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú òní. Iṣẹ́ yín ni mo lò. Orúkọ yín wà nínú rẹ̀. Aràrá náà ń já bọ̀. Ìkọjá rẹ̀ ti yá ju ìṣirò yín lọ.”

“Ó fi mélòó yá?”

“Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá méje.”

Bàbá náà dẹ́kun jíjẹ. “Lọ́dún tó kọjá ni àbí lọ́dún yìí?”

“Ọdún méjèèjì. Bákan náà ni.”

“Bákan náà.” Ó gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. “Ohun tó ń já bọ̀ ni, lẹ́yìn ọdún kan gbáko, ó ṣì dúró síbi tó wà?”

Yasna ti ro èyí rí. Profe ti sọ fún un pé ọdún kan kéré jù, pé awò kékeré kò lè fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn. Àmọ́ bó ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá yìí, ìdáhùn Profe kò tó o mọ́.

“Mo mọ nọ́ńbà yẹn,” ni don Eleuterio wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. “Èmi ni mo máa ń fi kún un.”

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yé wa. Aago méjì ni àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ń lò. Ọ̀kan ni aago ara ògiri tí gbogbo wa ń tẹ̀ lé. Ayé wa yìí pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìfà òṣùpá. Òkun tí òṣùpá ń fà ń dá ìyípo ayé lọ́wọ́ kọ́, ayé sì ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn olùtọ́jú aago a dá aago ògiri dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ayé lè bá a. Aago kejì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òun ni wọ́n fi ń ka ọ̀rọ̀ ìràwọ̀, ó sì ti fi ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ṣáájú ti ògiri. Ẹni tó bá fi aago ògiri wọn nǹkan gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ náà kún un. Ọmọ tó wọ ẹnu iṣẹ́ náà lánàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí Yasna fọwọ́ ara rẹ̀ kọ mọ̀ bẹ́ẹ̀: gbogbo àkókò tó wà nínú ìwé don Eleuterio ló fi ìyàtọ̀ náà kún, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìfo ìkankan.

“Ẹ ti fi kún un kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀?” ni Yasna bi í.

“Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà yẹn máa ń gbàgbé. Mo ní kí n kúkú bá wọn ṣe é. Mo kọ ọ́ sínú páálí tó bo ìwé náà níwájú, báírò pupa ni mo fi kọ ọ́. O kò rí i?”

Fọ́tò ojú ìwé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí Yasna ní Santiago, ojú ìwé igba ó lé mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò páálí.

Wọ́n gòkè lọ sí ahéré awò kékeré. Afẹ́fẹ́ ń fọn bí ìwo létí wọn. Don Eleuterio ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan, ó gbọn eruku lára ìwé aláwọ̀ ewé kan, ó sì ṣí páálí rẹ̀. Ìkọ̀wé náà gún régé bíi ti ọmọ iléèwé: *Gbogbo àkókò inú ìwé yìí ti di ti aago ìràwọ̀. Ẹ má fi ohunkóhun kún un mọ́.* Ó fọwọ́ sí i lábẹ́.

Yasna wo aago rẹ̀. Aago méjì ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá.

Aràrá náà kò já bọ̀; ìṣirò tí wọ́n gbé ka ìwé náà, tí wọ́n fi ìyàtọ̀ kún lẹ́ẹ̀mejì, ló pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí nìyẹn tí ìkọjá tuntun fi dà bí èyí tó yá. Tàbí ká ní ó ń já bọ̀, ó ń lọ jẹ́jẹ́ débi pé ọmọ-ọmọ Yasna kò ní rí i. Ẹni méjì tó fara balẹ̀ ló ṣe é. Ẹni àkọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà kí ẹlòmíràn má bàa gbàgbé, ẹnì kejì tún un ṣe kí ó má bàa dà bí ẹni tó gbàgbé. Ọlẹ kì bá tí ṣe irú àṣìṣe yìí.

Ó fi fóònù pe Santiago. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ọ́fíìsì ìròyìn ló gbé e.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ìròyìn náà ránṣẹ́. Yasna Araya ni.”

“Háà, ìràwọ̀ wa. Ẹ kú oríire o.”

“Mo ní kí ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Àṣìṣe wà níbẹ̀.”

“Àṣìṣe lẹ́tà ni? Mo lè tún un ṣe.”

“Gbogbo rẹ̀ ni.”

“Señorita, Profe Ludovina ló fọwọ́ sí i. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá pè láti yí nǹkan padà, kí n má gbọ́. Bó bá jẹ́ òun ló pè mí, màá dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, aago mẹ́ta ni.”

Profe Ludovina ń sùn. Aago méje àárọ̀ ló wọlé sùn, ó pa fóònù rẹ̀, ó sì sọ fún doña Clorinda pé kí wọ́n jí òun ní aago mẹ́ta ààbọ̀, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan ṣáájú.

“Ẹ bá mi kan ilẹ̀kùn náà, don Eleuterio,” ni Yasna bẹ̀ ẹ́. “Ẹ̀yin ni àgbà. Yóò gbọ́ tiyín.”

“Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti wà lórí òkè yìí. Mi ò kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń sùn rí.”

“Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́.”

Bàbá náà ń wo ilẹ̀. “Kì í ṣe nítorí òfin nìkan. Bí mo bá lọ, ohun tí yóò gbọ́ ni pé ìwé arúgbó yìí kò dára. Ìwé mi dára, ọmọ mi. Ẹnu rẹ ni kó ti gbọ́ ọ.” Ó gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. “Gbé e dání lọ.”

Yasna sọ̀ kalẹ̀ lóun nìkan, ìwé náà wà lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀. Nínú yàrá ìjẹun, ó dúró níwájú ààrò onírin tí wọ́n ń fi igi dáná sí. Ẹnu ààrò ṣí sílẹ̀, iná ń jó bọ́bọ́ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni èrò kan ti wọlé sí i lọ́kàn, láìkan ilẹ̀kùn. Don Eleuterio yóò fẹ̀yìn tì ní oṣù kejìlá, láìsí ìwé náà kò sì sẹ́ni tó máa gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́. Ta ló tún máa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn? Ta ló máa wo páálí ìwé àtijọ́? Bó bá pẹ́ tí ẹlòmíràn bá wọn aràrá náà, ọdún mẹ́wàá á ti kọjá, òun á ti wà ní Toronto, á ti di ẹni tí wọ́n ń kí. Ìwé kan ṣoṣo ni. Páálí kan ṣoṣo.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà á ní tòótọ́. Ti ìgbà tó jí kò tó nǹkan, ti ahéré pàápàá kò tó nǹkan. Ẹ̀rù ara rẹ̀ ló bà á.

“Òtútù ń mú ọ?” ni doña Clorinda bi í láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. “O dúró síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọnú ààrò.”

“Rárá, mà.”

“Kí ló wà lábẹ́ ẹ̀wù?”

“Ìwé ni.”

Obìnrin náà wò ó lójú, ó wo ààrò, ó sì wá ti ẹnu ààrò náà pa pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀, jẹ́jẹ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn tó ń sùn ṣókùnkùn bí inú ìkòkò. Yàrá kẹrin ni ti Profe. Yasna dúró síwájú pátákó náà, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó gbọ́ bí bẹ́ẹ̀dì ṣe dún nínú yàrá, bí ẹni tó ń yí padà lójú oorun. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó padà sí yàrá ìjẹun.

“Aago mélòó?”

“Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́ta lù,” ni doña Clorinda wí. “Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú.”

“Nígbà náà, jẹ́ kó sùn.”

Yasna tún padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ń kọjá pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lásán lẹ́sẹ̀. Ó rí ọwọ́ rẹ̀ tó wà lókè, ojú rẹ̀ là, ó fi ìka lé ètè, ó sì mi orí bí ẹni tó rí ọmọdé tó fẹ́ ki ọwọ́ bọ iná. Yasna fi ọwọ́ náà tún irun rẹ̀ ṣe bí ẹni pé ohun tó gbé e sókè fún nìyẹn. Ọkùnrin náà kò kúrò. Ó dúró títí Yasna fi padà.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó gbìyànjú láti to ọ̀rọ̀ tó máa sọ. *Profe, ẹ má bínú.* Ó tún un tò. *Profe, ohun kan ṣẹlẹ̀.* Irọ́ ni, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, òun ló ṣe é. Ìyá rẹ̀ àgbà ní Paihuano máa ń sọ pé ẹni tó bá ń to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kó tó sọ ọ́, irọ́ ló ń wá ibi jókòó sí. Ó dìde. Kò tò ó mọ́.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méje kí aago mẹ́ta lù, Yasna Araya kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kàn án, ìró rẹ̀ sì dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà bí ìbọn. Níbì kan lẹ́yìn ògiri, ẹnìkan ṣépè ní èdè tí kò gbọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Profe Ludovina dúró síbẹ̀ nínú aṣọ oorun àti ìbọ̀sẹ̀ onírun, kò wọ awò ojú rẹ̀, irun rẹ̀ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yasna kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó kúrú tó bẹ́ẹ̀.

“Ilẹ̀ mì ni?”

“Rárá, Profe.”

“Iná jó?”

“Rárá, Profe.”

“Nígbà náà, o ti ya wèrè.”

Yasna fa ìwé náà yọ, ó ṣí páálí rẹ̀, ó sì nà án sí i. Profe gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó padà lọ wá awò ojú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó kà á. Ó tún un kà. Yasna ń wo ètè rẹ̀, ó rí i nígbà tí wọ́n dẹ́kun mímì.

“Ta ló tún fi kún un lẹ́yìn èyí?”

“Èmi ni.”

“Ta ló yẹ iṣẹ́ rẹ wò?”

Yasna wo ìwé tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀.

“Mo bi ọ́ ní ìbéèrè.”

“Ẹ̀yin ni, Profe.”

Nínú gbogbo ohun tó ti sọ láyé rẹ̀, kò sí èyí tó wúwo lẹ́nu rẹ̀ tó ìyẹn. Profe Ludovina ń wò ó. Lẹ́yìn náà, ó ní, “Aago mélòó?”

“Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.”

Profe tan fóònù rẹ̀. Fóònù náà kò yára tàn. Àwọn méjèèjì dúró tì í bí ẹni tó ń wo aláìsàn, wọn kò wo ojú ara wọn. Ìgbà tó tàn, ó ku ìṣẹ́jú méjì.

“Èmi ni. Dá a dúró.” Ó tẹ́tí sílẹ̀. “Rárá, má ṣe sún un síwájú, pa á rẹ́. Ọmọkùnrin, mi ò sọ pé kí o béèrè ìdí.” Ó pa fóònù, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ funfun bí iyẹ̀pẹ̀ òkè náà, Yasna sì rí i pé ẹ̀rù ń ba obìnrin yìí pẹ̀lú, ẹ̀rù tó dàgbà ju tirẹ̀ lọ.

“Ìwọ ló máa bá wọn sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́rin,” ni Profe wí.

“Profe, mi ò lè ṣe é.”

“Mo mọ̀ pé o kò lè ṣe é. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún Merriam pé nǹkan náà ń já bọ̀. Bí mo bá tún fi ẹnu yìí kan náà sọ pé kò já mọ́, yóò rò pé mò ń bò ọ́ láṣìírí, tàbí pé mò ń ti ẹ̀bi sí ọ lọ́rùn. Lọ bọ́jú.”

Ní aago mẹ́rin, ojú ènìyàn mẹ́rìnlá ló wà lórí ògiri yàrá ìpàdé, olúkúlùkù nínú fèrèsé kékeré tirẹ̀. Profe jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Don Eleuterio dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Yasna dúró níwájú wọn. Ó gbé ìwé náà sókè síwájú kámẹ́rà, ó ní ìwé don Eleuterio péye láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, pé òun ló fi kún ohun tí wọ́n ti fi kún tẹ́lẹ̀, pé aràrá náà kò já bọ̀ bí wọ́n ṣe wí. Ó parí rẹ̀ kí ìṣẹ́jú méjì tó pé.

Dókítà Merriam jẹ́ ọkùnrin gbọọrọ kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó sún mọ́ kámẹ́rà tirẹ̀.

“Ìgbà wo lo rí ohun tó wà nínú páálí yìí?”

“Lónìí, sà. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

“Ìgbà wo lo sọ fún ọ̀gá rẹ?”

“Ó ku ìṣẹ́jú méje kí aago mẹ́ta lù.”

Ọkùnrin náà ṣírò rẹ̀. “Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì. Kí lo ń ṣe láàárín ìgbà náà?”

Yasna lè sọ pé òun ń yẹ ìṣirò wò. Gbogbo wọn ni yóò gbà á gbọ́. Ó wo Profe, Profe kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tó wà. Ó rántí ẹnu ààrò tó ṣí.

“Ẹ̀rù ló ń bà mí,” ló wí. “Mo lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo padà. Mo tún rò pé bí mo bá sun ìwé náà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

Ẹnìkan nínú fèrèsé kan wúkọ́. Dókítà Merriam kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó mú báírò, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. “O ṣeun,” ló wí. “A óò kọ̀wé sí ọ.” Fèrèsé rẹ̀ di dúdú. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku ògiri lásán.

Lẹ́yìn náà, doña Clorinda gbé tíì, búrẹ́dì àti píà tí wọ́n ti gún kalẹ̀.

“Ó kọ nǹkan sílẹ̀,” ni don Eleuterio wí. “Ṣé o rí i?”

“Mo rí i, sà.”

“Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó tó ìlà mẹ́ta. Kí lo rò pé ó kọ?”

“Bàbá yìí,” ni doña Clorinda wí, “ṣé o fẹ́ pa ọmọ náà ni? Mu tíì rẹ.”

“Mò ń béèrè ni.”

“Béèrè lọ́wọ́ búrẹ́dì.”

Profe Ludovina wọlé, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́. Ó bu tíì, ó mu ún lóòró. Ó ní awò ńlá orí òkè náà ṣì jẹ́ tiwọn títí di Sátidé, aràrá náà yóò sì kọjá lọ́la, wọn yóò wọ̀n ọ́n bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ rí. Kò sọ pé òun dárí ji ẹnikẹ́ni. Bó ṣe fẹ́ jáde, ó yí padà sí Yasna, ó ní, “Ilẹ̀kùn mi, o kàn án le jù,” ó sì lọ.

Oòrùn ti ń wọ̀, òjìji òkè ti bo àfonífojì dé ìlú Vicuña, nígbà tí fóònù Yasna dún lórí tábìlì. Orúkọ Merriam ló wà lójú rẹ̀. Ó dojú fóònù dé tábìlì. Don Eleuterio àti doña Clorinda ń wo fóònù náà bí ẹni tó ń wo ejò. Ìgbà tó ṣe, ó gbé e, ó kà á.

Lẹ́tà náà kò gùn. Dókítà Merriam ní òun kò lè ṣèlérí oṣù kẹsàn-án fún un mọ́, nítorí ohun tó mú kí òun pè é kò sí mọ́. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó, òun kò sì mọ ohun tí wọn yóò wí. Ó ní kó ya fọ́tò inú páálí náà ránṣẹ́ sí òun kíákíá. Ó ní ìràwọ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lọ́wọ́ òun tí àkókò wọn wá láti inú irú ìwé àtijọ́ bẹ́ẹ̀, láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun sì ti fi ìyàtọ̀ aago kún gbogbo wọn. Òun kò mọ̀ bóyá ẹnìkan ti fi kún un ṣáájú wọn. Mẹ́sàn-án nínú wọn ni òun ti sọ fún gbogbo ayé pé ohun tó ń yí wọn po ń já bọ̀. Ó ní ó yẹ kí òun ti jẹun alẹ́, àmọ́ òun kò lè jẹun.

“Kí ló wí?” ni doña Clorinda bi í.

“Kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì sọ pé rárá,” ni Yasna dáhùn. “Ẹ̀rù ń ba òun náà.”

Ó ṣí ìwé náà sórí tábìlì lábẹ́ iná, don Eleuterio fi ọwọ́ méjèèjì tẹ páálí náà kó lè tẹ́ dáadáa. Yasna gbé fóònù sókè, ó yà á. Fọ́tò náà kò mọ́. Ó tún un yà, bákan náà. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì, ó di èémí rẹ̀ mú, ó sì tún gbé e sókè.